Orí Kẹfà: Igbó Ìjọba àti Ìgbafẹ́ Ìta Gbangba

Àfojúsùn

Nígbà tí ẹ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ẹ lè:

• ṣe ìyàtọ̀ láàárín igbó ìjọba ìpínlẹ̀, ọgbà ìgbẹ́ ìjọba àpapọ̀, igbó àjogúnbá àti igbó ilé-iṣẹ́;
• ṣàlàyé bí àpáta, omi àti ìgbà ṣe ń pinnu irú ìgbafẹ́ tó bá ibi kan mu;
• sọ bí a ṣe ń wo ẹranko láìdà á láàmú;
• ṣírò iye àlejò tí ọ̀nà igbó kan lè gbà lóòjọ́;
• jíròrò lórí ohun tó ń ba igbó jẹ́ àti bí owó àlejò ṣe lè dáàbò bò ó.

6.1 Ta ló ni igbó?

Bí àgbẹ̀ bá wo igbó, ilẹ̀ kòkó ló rí. Bí onígẹdú bá wò ó, pákó ló rí. Bí ọdẹ bá wò ó, ẹran ló rí. Ẹni tó wá gbafẹ́ ló dé kẹ́yìn nínú wọn, ohun tó bá wá sì yàtọ̀, nítorí kò wá gbé nǹkan kan lọ. Ó fẹ́ rí ẹranko, ó fẹ́ gbọ́ ìró omi, ó fẹ́ gun òkè, kó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ìgbafẹ́ jẹ́ ìlò kan láàárín ọ̀pọ̀ ìlò tí igbó ní. Níbi tó bá ti forí gbárí pẹ̀lú àwọn yòókù, òfin ló ń làjà, òfin tó sì máa làjà dọwọ́ ẹni tó ni igbó.

Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Igbó Ọlọ́kẹ́mejì, tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ọdún 1899. Kò sẹ́ni tó ronú kan ìgbafẹ́ nígbà náà. Igi ni wọ́n ń ṣọ́. Lónìí, oríṣi igbó mẹ́rin ni àlejò lè bá pàdé:

(a) Igbó ìjọba ìpínlẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ó lè fún onígẹdú ní ìwé àṣẹ láti gé igi, ó sì lè gbin igi tuntun bíi tíìkì tàbí Gmelina sí ibi tí wọ́n ti gé. Àpẹẹrẹ ni Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

(b) Ọgbà ìgbẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àjọ National Park Service ló ń ṣọ́ ọ. Ọdẹ ṣíṣe, igi gígé, oko dídá àti ẹran dídà jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Àpẹẹrẹ ni ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti ọgbà Òkòmù ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó.

(d) Igbó àjogúnbá. Ẹ̀sìn àti àṣà ló dáàbò bò ó kí òfin ìjọba tó dé. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

(e) Igbó ilé-iṣẹ́ tàbí ti ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí tàbí ẹgbẹ́ adáàbòbò-ìṣẹ̀dá ló ń tọ́jú rẹ̀, bí igbó tó wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn.

Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń fà. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi nínú Igbó Ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń gé e ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà Òkòmù, arúfin ni. Ẹni tó ń ṣètò ìrìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gbéra bóyá ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀, ààfin tàbí ilé-iṣẹ́ ló ti máa gbàṣẹ.

Kókó kan ló so gbogbo orí yìí pọ̀: ibi kọ̀ọ̀kan ló ń pàṣẹ irú ìgbafẹ́ tó bá a mu. Àpáta ibẹ̀, omi ibẹ̀, koríko ibẹ̀ àti ìtàn ibẹ̀ ló ń sọ ohun tí a lè ṣe, ìgbà tí a lè ṣe é, àti iye wa tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

6.2 Ọ̀dàn: ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé

Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Igbó méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan: igbó apá òkè odò Ògùn, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936, àti igbó Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di ibi ìpamọ́ ẹranko, ní 1991 wọ́n di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọgbà náà wà ní ìlú Ọ̀yọ́.

Ẹni tó bá ń retí igbó kìjikìji níbẹ̀ yóò ṣìnà. Ọ̀dàn ni: koríko gíga, igi tó jìnnà síra wọn, bí emi, igbá, ayin àti àpá. Etí odò Ògùn àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀ nìkan ni igbó ti dí. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, onírúurú ẹtu, ìmàdò, ìnàkí àti ìjímèrè wà lára ẹranko tó ń gbé ibẹ̀. Ní ìhà gúúsù, adágún omi Ìkẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sé odò Ògùn láti fi ṣe, ń fún àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi àti ẹja pípa ní ibi tí wọn yóò lọ.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ló dára jù fún wíwo ẹranko. Ní ìgbà òjò, omi wà káàkiri, koríko sì ga ju orí èèyàn lọ. Ẹfọ̀n lè dúró ní 20 mítà sí yín kí ẹ má rí i. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, koríko á gbẹ. Àwọn aṣọ́gbó á tètè finá sun apá kan rẹ̀ kí iná ńlá má bàa jà nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ pátápátá, ojú ilẹ̀ á sì hàn. Àwọn odò kéékèèké á gbẹ, omi á kù sí àwọn ibi jíjìn nínú odò ńlá, ibẹ̀ ni òùngbẹ yóò lé ẹranko lọ. Ewéko tútù tó ń rú lẹ́yìn iná náà tún ń fà wọ́n jáde sí gbangba. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ nítòsí omi ní ìdájí máa ń rí ju ẹni tó fi ọkọ̀ yí gbogbo ọgbà ká lọ́sàn-án gangan.

Ohun kejì tó ń fa àlejò wá ni ahoro ìlú Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni olú ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí ogun àwọn Fúlàní Ìlọrin ti há a mọ́. Aláàfin Àtìbà ló tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ìlú tí a mọ̀ sí Ọ̀yọ́ lónìí. Títí di ìsinsìnyí, a ṣì lè tọ ipa odi ìlú àtijọ́ náà nínú igbó. Ihò àpáta wà lórí òkè Agbakú. Àwọn ihò róbótó wà lójú àpáta níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ ọkà, àfọ́kù ìkòkò sì fọ́n káàkiri ilẹ̀.

Àfọ́kù yìí yẹ ní àkíyèsí. Àlejò tó bá rí ọ̀kan tó ní ọnà lára, ọwọ́ rẹ̀ á yá láti jù ú sínú àpò gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó mú lọ kò níye lórí mọ́. Ibi tí àfọ́kù náà wà ló ń bá awalẹ̀pìtàn sọ̀rọ̀: bó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ilé ìdáná ni, bó wà nínú ààtàn, ó ń sọ bí ilé ṣe fẹ̀ tó, bí wọ́n tò ó nàró sínú ilẹ̀, àgbàlá tí wọ́n fi àfọ́kù tẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò níbẹ̀, amọ̀ sísun lásán ló kù. Ìgbafẹ́ tó bá ahoro mu ni wíwò, yíyàwòrán àti fífetí sí ẹni tó mọ ìtàn.

6.3 Òkè àti omi: Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ìkọ́gòsì, Ìdànrè

Láàárín ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ọ̀wọ́ òkè gígùn kan wà tí àpáta rẹ̀ jẹ́ quartzite. Àpáta yìí le. Òjò àti oòrùn kì í tètè jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ àwọn àpáta tó yí i ká. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, òun sì dúró gẹ́gẹ́ bí òkè. Ibi ìgbafẹ́ méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọn kò tan mọ́ra wọn, ọmọ òkè yìí ni méjèèjì.

Èkíní ni omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Odò tó ń ṣàn lórí òkè náà kò rí àpáta líle yìí gbẹ́ já, ó wá ń já bọ́ láti ipele dé ipele. Ipele méje ni àwọn ará ìlú ń kà. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlà, obìnrin tó tẹ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dó, ló kọ́kọ́ rí i. Ipele kìíní ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ. Wọ́n ti mọ àtẹ̀gùn débẹ̀, àwọn ọmọdé lè wẹsẹ̀ nínú omi rẹ̀. Láti ipele kejì lọ sókè, ọ̀nà há, ilẹ̀ ń yọ̀, gbòǹgbò igi sì ni èèyàn máa dì mú. Ẹni tó bá gun gbogbo rẹ̀ dé òkè ti ń sún mọ́ ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì.

Níhìn-ín, ìgbà òjò ń fúnni, ó sì ń gbà. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, omi pọ̀, ìró rẹ̀ a máa dún láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ewédò ń bo àpáta, tó sì ń yọ̀ jù. Òjò tó bá rọ̀ lórí òkè lè mú kí omi kún lójijì nísàlẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn níbi tí àlejò dúró sí. Bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti ẹ̀ka igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bọ̀, kí gbogbo èèyàn jáde kúrò nínú rẹ̀ kíá.

Èkejì ni ìsun omi Ìkọ́gòsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, àlejò lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó fi èkejì tẹ omi tútù. Kò sí òkè oníná nítòsí ibẹ̀. Omi òjò ló ń gba inú àwọn ibi tí quartzite ti sán wọ ilẹ̀ lọ jìnnà. Bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, omi náà á gba ooru yìí, á sì gba ibi tí àpáta ti là mìíràn padà sókè kó tó tutù. Omi kejì kò jìn tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Ìgbafẹ́ Ìkọ́gòsì kò béèrè agbára bíi ti Olúmirin: wíwẹ̀, jíjókòó lábẹ́ igi àti sísùn mọ́jú ni àlejò ń bá lọ, arúgbó àti ọmọdé sì lè bá wọn lọ.

Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sí nínú ọ̀wọ́ òkè yìí; àpáta gíránáìtì ńláńlá ni. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ti gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Láti 2007 ni òkè náà ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń gùn ún, nítorí àpáta máa ń gba oòrùn sára. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ooru á ti máa jáde lára rẹ̀ bí ẹni dúró ti àdògán.

6.4 Igbó kìjikìji: Ọmọ, Òkòmù, IITA, Lẹ́kí

Igbó Ọmọ lé ní 1,300 kìlómítà níbùú lóòró. Ní 1925 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀. Nínú rẹ̀, ibì kan tó tó nǹkan bí 460 hẹ́kítà wà tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 1946 gẹ́gẹ́ bí igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kí àwọn onímọ̀ lè mọ bí igbó ṣe ń rí nígbà tí a kò bá gé e. Ní 1977, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn igbó àgbáyé tí èèyàn àti ìṣẹ̀dá ti jọ ń gbé. Erin igbó ṣì wà nínú Igbó Ọmọ. Síbẹ̀, àlejò tó bá lọ kò gbọ́dọ̀ retí pé òun máa rí erin. Ewé dí, erin sì ń sá fún èèyàn. Ohun tó máa rí ni ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, igi tó ha èèpo rẹ̀, àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí èso igi ti ń hù jáde. Igi igbó tí erin gbìn lọ́nà yìí kò kéré.

Ọgbà Òkòmù kéré sí i, nǹkan bí 200 kìlómítà níbùú lóòró, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1999. Ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, tó ṣọ̀wọ́n gan-an láyé, wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé sórí igi ńlá níbẹ̀ kí àlejò lè wo orí igi dípò ìdí igi, nítorí pé òkè ni ọ̀pọ̀ ìgbésí ayé igbó kìjikìji ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìdí kan náà ni wọ́n fi ṣe afárá orí igi sí Lekki Conservation Centre ní Èkó. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1990, ó sì fẹ̀ tó 78 hẹ́kítà. Afárá náà gùn tó 401 mítà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Èkó tí kò tíì wọ igbó rí, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tó súnmọ́ jù.

Igbó IITA ní Ìbàdàn ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ilẹ̀ oko àwọn abúlé ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ láìro, igbó sì padà. Lónìí, àwọn tó ń wo ẹyẹ ń ti ìlú òkèèrè wá síbẹ̀ nítorí ẹyẹ dúdú kan tí orí àti àyà rẹ̀ pupa, tó wà nínú ẹbí ẹ̀gà. Malimbus ibadanensis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ní 1958, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló sì ń gbé lágbàáyé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kò nílò ju awò amóhun-jíjìn-súnmọ́, ìwé àkọsílẹ̀ àti sùúrù.

6.5 Igbó Ọ̀ṣun

Igbó Ọ̀ṣun kò ju 75 hẹ́kítà lọ, ìlú sì ti yí i ká. Tí kì í bá ṣe èèwọ̀ ni, ilé ì bá ti gba gbogbo rẹ̀. A kì í pa ẹja odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn gba inú rẹ̀, a kì í ṣọdẹ nínú igbó náà, a kì í gé igi rẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún ogún, nígbà tí èèwọ̀ ń dẹ̀, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Àdùnní Olóríṣà (1915–2009), àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo bí Àdébísí Àkànjí tún àwọn ojúbọ kọ́, wọ́n sì gbẹ́ ère tuntun sínú igbó. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, Arugbá máa ń gbé igbá ẹbọ láti ààfin lọ sí odò, ogunlọ́gọ̀ èèyàn á sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Bràsíì, Kúbà àti Amẹ́ríkà wà lára wọn. Nínú igbó yìí, àlejò tó wá gbafẹ́ àti olùjọsìn ń rin ọ̀nà kan náà. Òfin ibẹ̀ rọrùn: níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ; ẹ má ya àwòrán ẹni tó ń bọ láìgbàṣẹ; ẹ má sì fi ojúbọ ṣe ìjókòó.

6.6 Bí a ṣe ń wo ẹranko

Aṣọ́gbó tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ wo iwájú; ilẹ̀ ló ń wò. Ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín ní pátákò méjì, ibi tó ṣóńṣó nínú rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ọ̀nà tó gbà lọ. Bí etí ojú ẹsẹ̀ náà bá ṣì mú, tí erùpẹ̀ kò tíì wó sínú rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó kọjá. Bí ìrì òwúrọ̀ bá sẹ̀ sórí rẹ̀, òru ló kọjá. Ìgbẹ́ tó ṣì ń dán, tuntun ni. Èyí tó ti gbẹ tó ń fọ́ lọ́wọ́, ó ti lé lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn èyí ni aṣọ́gbó máa bu eruku díẹ̀, á tú u sílẹ̀ láti ibi àyà, á sì wo ibi tí afẹ́fẹ́ gbé e gbà. Bí eruku bá fẹ́ síwájú, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yí gba ibòmíràn, torí pé òórùn wa ti ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ ẹranko. Bó bá fẹ́ padà sára wa, a lè máa lọ.

Ọgbọ́n ọdẹ ni gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ọdẹ mọ̀ ni olùgbafẹ́ náà nílò. Ìbọn nìkan ni kò nílò. Àwọn ìlànà tó tẹ̀ lé èyí wá láti ibẹ̀:

1. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti ilẹ̀. Funfun ń ta ẹranko lójú. Ẹ má fín lọ́fínńdà.
2. Ẹ rìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn aṣọ́gbó, ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà.
3. Bí ẹranko bá gbé orí sókè tó ń wò yín, ẹ dúró. Ẹ ti sún mọ́ ọn tó.
4. Ẹ má fún ọ̀bọ ní oúnjẹ. Ọ̀bọ tó bá ti mọ ọwọ́ àlejò á máa já àpò gbà, á máa geni jẹ. Níkẹyìn, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi.
5. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ejò. Ẹ gbé omi mímu dání, kí ẹ sì kó ọ̀rá rẹ̀ padà.
6. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọgbà bí ọ̀nà àti ààbò ṣe rí kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ìgbà tí ẹ ń padà.

6.7 Èèyàn mélòó ni ọ̀nà igbó lè gbà?

Olùtọ́jú igbó gbọ́dọ̀ mọ iye àlejò tó lè gbà láìjẹ́ pé ilẹ̀ bàjẹ́, láìjẹ́ pé ẹranko sá, láìjẹ́ pé àlejò fúnra rẹ̀ ń rí kìkì ẹ̀yìn àlejò mìíràn. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ìdánrawò kan ṣe ìṣirò.

Ọ̀nà igbó kan gùn tó 2,000 mítà. Ẹgbẹ́ àlejò kọ̀ọ̀kan jẹ́ èèyàn 6 pẹ̀lú aṣọ́gbó 1. Ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ fi 400 mítà jìnnà sí èkejì.
Iye ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: 2,000 ÷ 400 = 5
Iye àlejò lẹ́ẹ̀kan náà: 5 × 6 = 30

Ìrìn kan gba wákàtí 2, ọgbà sì ń ṣí fún wákàtí 8.
Iye ìgbà tí a lè rìn ín lóòjọ́: 8 ÷ 2 = 4
Iye àlejò lóòjọ́: 30 × 4 = 120

Iye yìí ni ti orí ìwé. Ẹ wá jẹ́ ká fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an dín in kù:
• Ọ̀sán gangan ni ẹranko ń sinmi, ọgbà sì ti ọ̀nà fún wákàtí 2. Ìgbà mẹ́ta ló kù: 30 × 3 = 90.
• Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ rọ̀, wọ́n ní kí ìdajì àlejò nìkan máa wọlé: 90 ÷ 2 = 45.
• Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ́gbó 2 péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́ dípò 5: 2 × 6 × 3 = 36.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yìí fi hàn. Aṣọ́gbó tó kéré dín àlejò kù ju òjò lọ. Ọgbà tó bá fẹ́ owó púpọ̀ lọ́wọ́ àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba aṣọ́gbó sí i, kó sì máa san owó wọn lásìkò. Bó bá jẹ́ kí 120 wọlé pẹ̀lú aṣọ́gbó 2, owó ọdún yìí lè pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà á fẹ̀, gbòǹgbò á ṣí síta, ẹranko á sá jìnnà, àlejò ọdún tó ń bọ̀ kò sì ní rí ohun tó bá wá.

6.8 Ohun tó ń ba igbó jẹ́, àti ẹni tí owó yẹ kó dé ọwọ́ rẹ̀

Ní Igbó Ọmọ, oko kòkó àti igi gígé láìgbàṣẹ ń jẹ igbó wọnú. Ní ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé, apẹran àti ẹran ọ̀sìn tó ń jẹko nínú ọgbà ni ìyọnu tó pọ̀ jù. Ọ̀ràn Igbó Ọ̀ṣun tún yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó gé igi rẹ̀, síbẹ̀ omi odò náà ti pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù ní apá òkè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun má mu omi odò náà. Odò kò mọ ààlà: ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo 75 hẹ́kítà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bójú tó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà lókè.

Ará abúlé tó ń gbé létí igbó ló pàdánù jù nígbà tí wọ́n ní kó má ṣọdẹ mọ́, kó má sì dáko mọ́. Bí owó àlejò bá ń kọjá lórí rẹ̀ lọ sí olú ìlú, kí ló máa mú un ṣọ́ igbó? Ọ̀nà tí owó náà lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀: kí wọ́n gba ọmọ ọdẹ àdúgbò gẹ́gẹ́ bí aṣọ́gbó, nítorí ó mọ igbó ju àjèjì lọ, kí afinimọ̀nà jẹ́ ọmọ ìlú, kí àwọn obìnrin abúlé máa ta oúnjẹ fún àlejò, kí wọ́n sì máa gbà wọ́n sùn, kí apá kan nínú owó ìwọlé máa ṣe kànga àti ilé ìwòsàn abúlé. Ìgbafẹ́ tó bá ń bọ́ ẹni tó súnmọ́ igbó jù ló máa pẹ́.

Àkótán

• Ẹni tó ni igbó ló ń pinnu òfin rẹ̀: ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀, àjogúnbá tàbí ilé-iṣẹ́.
• Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára fún wíwo ẹranko ní ọ̀dàn; ìgbà òjò ń sọ omi tó ń já bọ́ di púpọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di eléwu.
• Ọ̀wọ́ òkè quartzite kan náà ló bí Olúmirin àti Ìkọ́gòsì.
• Igbó tí a bá fi sílẹ̀ láìro lè padà, bí ti IITA.
• Iye aṣọ́gbó wà lára ohun tó ń pinnu iye àlejò tí ọgbà lè gbà.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ oríṣi igbó mẹ́rin tó wà nínú orí yìí, kí o sì sọ ohun kan tí òfin gbà láyè nínú ọ̀kan tí kò gbà nínú òmíràn.
2. Kí nìdí tí omi Ìkọ́gòsì kan fi gbóná bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òkè oníná nítòsí rẹ̀?
3. Àlejò kan mú àfọ́kù ìkòkò kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ òun ní ìtàn. Kí lo máa sọ fún un?
4. Ọ̀nà igbó kan gùn tó 3,000 mítà, ẹgbẹ́ àlejò kọ̀ọ̀kan jẹ́ èèyàn 8, àwọn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi 500 mítà jìnnà síra wọn, ìrìn kan gba wákàtí 3, ọgbà sì ń ṣí fún wákàtí 9. Àlejò mélòó ló lè gbà lóòjọ́? Mélòó ló máa kù bí aṣọ́gbó bá jẹ́ 4 péré, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní aṣọ́gbó 1?
5. "Wọ́n gbọ́dọ̀ lé gbogbo ará abúlé jìnnà sí igbó kí ẹranko tó lè pọ̀." Jíròrò lórí èrò yìí pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti inú orí yìí.

Iṣẹ́ ìta kíláàsì

Ẹ lọ sí igbó, òkè tàbí odò kan tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ yín pẹ̀lú olùkọ́ yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ sàmì sí ọ̀nà, omi, igi ńlá àti ibi tó léwu. Ẹ kọ orúkọ igi márùn-ún àti ẹyẹ mẹ́ta tí ẹ rí sílẹ̀ bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń pè wọ́n. Ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè ohun tó wà níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ tí kò sí mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ojú ewé kan sí ìjọba ìbílẹ̀, kó dámọ̀ràn irú ìgbafẹ́ tó bá ibẹ̀ mu, ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣí i, iye àlejò tó lè gbà lóòjọ́, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rárá.